Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní "pea": àlàyé lórí irúgbìn àjogúnbá ìhà gúúsù Amẹ́ríkà

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, mo dúró níwájú tábìlì ìyá àgbàlagbà kan ní ọjà àwọn àgbẹ̀ nílùú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Wọ́n ti kọ "peas" gàdàgbà sára páálí. Mo wo inú abọ́ wọn, n kò rí ohun róbótó aláwọ̀ ewé tí à ń dà sínú ìrẹsì díndín. Ẹ̀wà ló wà níbẹ̀, ẹ̀wà wa gan-an, tútù yọ̀yọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Èèpo tí wọ́n bó kúrò lára rẹ̀ kún garawa, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò, àwọ̀ náà sì ti gba àtàǹpàkò ìyá náà kan.

Mo sọ fún wọn pé ohun tí à ń lọ̀ ṣe mọ́ín-mọ́ín nílé wa rèé. Wọ́n ní ìyá ìyá àwọn ló fi irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ò rà á lọ́jà rí. Mo ra abọ́ méjì, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní gbígbẹ díẹ̀ tí n óo gbìn. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n bù fún mi, wọn ò gba owó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbin ẹ̀wà lẹ́yìn ilé, àwọn èèyàn wa tó bá yà kí mi kì í sì í yéé béèrè. Ṣé pea ni àbí ẹ̀wà? Kí ló ń jẹ́ àjogúnbá nínú ọ̀rọ̀ irúgbìn? Kí ló dé tí n kò kúkú gbin olóyin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ palẹ̀, torí orúkọ ló fa ìdàrúdàpọ̀ yìí. Irúgbìn kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Vigna unguiculata. Inú rẹ̀ ni ẹ̀wà funfun wa wà, inú rẹ̀ ni olóyin wà, inú rẹ̀ náà ni gbogbo ohun tí àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ń pè ní cowpea, field pea, Southern pea, black-eyed pea àti crowder wà. "Cow" tó wà nínú orúkọ náà kò sọ pé oúnjẹ màlúù nìkan ni; wọ́n ń fi ìtàkùn rẹ̀ bọ́ ẹran ọ̀sìn, àwọn èèyàn sì ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀. "Pea" náà kò jẹ́ kó di ìbátan tímọ́tímọ́ fún ẹ̀wà aláwọ̀ ewé inú agolo. Ìyẹn, ibi tí òtútù wà ló ti ń ṣe dáadáa, nígbà tí ẹ̀wà wa fẹ́ràn oòrùn. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun tirẹ̀, ìdílé mìíràn ni. Òtílí náà yàtọ̀, igi kékeré ni, ẹbí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Sèsé náà kì í ṣe é. Tí ẹ bá ti fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó kù nínú àwo àwọn ará Georgia, Alabama àti Mississippi, ẹ̀wà tiwa ni.

Áfíríkà ni ẹ̀wà yìí ti wá. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí hóró rẹ̀ tó jóná di èédú ní àwọn ibùgbé àtijọ́ ní Kintampo, ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí ọjọ́ orí wọn lé ní 3,500 ọdún. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé e sọdá òkun. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú mọ bí a ṣe ń gbìn ín, bí a ṣe ń sè é àti ìgbà tó yẹ kí a ká a, ọgbà kéékèèké tó wà lẹ́yìn ilé wọn ló sì ti ta gbòǹgbò kó tó di pé gbogbo ìlú ń jẹ ẹ́. Ìwé ìdáná kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Charleston, South Carolina, ní 1847 kọ bí a ṣe ń se Hopping John: ẹ̀wà pupa, ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìkòkò kan náà. Títí dòní, àìmọye ilé níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní kọjá láìjẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kí owó lè wọlé lọ́dún tuntun. Ní Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Brazil, lápá ibòmíràn òkun kan náà, àwọn obìnrin ń lọ ẹ̀wà yìí, wọ́n ń dín in nínú epo pupa, wọ́n ń pè é ní acarajé. Ẹ gbọ́ "àkàrà" àti "jẹ" nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè ní 2005.

Ọ̀rọ̀ àjogúnbá wá kàn. Irúgbìn àjogúnbá ni èyí tí ẹbí tàbí àdúgbò kan ti ń gbìn láti ìran dé ìran, tí wọ́n ń yọ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nínú ìkórè ọdún yìí, tí ohun tó bá sì hù máa ń jọ ìyá rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó rí bí háíbíríìdì. Háíbíríìdì ni kí a mú irú méjì tó yàtọ̀ gun ara wọn kí ọmọ àkọ́kọ́ lè lágbára. Tí ẹ bá tún gbin ọmọ náà, àwọn ọmọ-ọmọ á rí jákujàku. Ní ti ẹ̀wà, ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn, torí ẹ̀wà ń fún ara rẹ̀ lóyún, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa ta háíbíríìdì rẹ̀ fún àgbẹ̀. Èyí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà nínú yàrá ìwádìí tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, SAMPEA 20-T, tí àwọn onímọ̀ ní Zaria ṣe kí kòkòrò tó ń lu èèpo ẹ̀wà má baà lè pa á. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀. Kò sí irú ìyẹn nínú ẹ̀wà àjogúnbá tí mò ń sọ.

Orúkọ tí wọ́n fún wọn dùn mọ́ mi jọjọ, torí ohun tí ojú rí tàbí ohun tí ọwọ́ ṣe ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí àwa náà ṣe ń sọ olóyin torí adùn rẹ̀. Crowder ni èyí tí hóró rẹ̀ fún pọ̀ nínú èèpo débi pé orí àti ìdí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, bí èèyàn tó há sínú mọ́lúè. Purple hull, èèpo rẹ̀ ló ní àwọ̀ elésè àlùkò. Tìyá ọlọ́jà mi rèé. Lady kéré, ó funfun, omi rẹ̀ sì mọ́ nínú ìkòkò. Zipper, èèpo rẹ̀ ń ṣí wàrà bí síìpù. Whippoorwill jẹ́ orúkọ ẹyẹ òru kan tí ara rẹ̀ ní àbàlà, hóró ẹ̀wà náà sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àmì tó-tò-tó dúdú. Washday, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ń tètè jinná, òun làwọn obìnrin máa ń gbé kaná lọ́jọ́ ìfọṣọ.

Iron ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1902, Webber àti Orton, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé nínú oko tí àrùn ti ń jẹ́ kí ẹ̀wà rọ, tí aràn inú ilẹ̀ sì ń wú gbòǹgbò rẹ̀, Iron nìkan ló ń dúró gbọnyin. Kò sí ẹni tó lọ ṣe é ní yàrá ìwádìí. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní South Carolina ni wọ́n ti bá a. Ẹni tó bá ń bi mí pé kí ni a fẹ́ fi irú àtijọ́ ṣe nígbà tí tuntun ti wà, Iron ni mo máa ń kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Ní ọdún kejì, 1903, George Washington Carver, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tuskegee, Alabama, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan sí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú lórí ẹ̀wà nìkan, bó ṣe ń tún ilẹ̀ tí òwú ti jẹ run ṣe, àti bí wọ́n ṣe lè sè é.

Kí ló wá sọ wọ́n di ọ̀wọ́n? Ajílẹ̀ inú àpò dé, ó pọ̀, kò wọ́n, àwọn àgbẹ̀ ò nílò ẹ̀wà mọ́ láti tún ilẹ̀ ṣe. Sóyà gba oko. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó lọ sí ìlú ńlá apá àríwá, wọ́n fi ọgbà sílẹ̀. Ilé ìtajà sì fẹ́ irú kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ lè ká lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo, tí ìyá náà bá papò dà, tí àwọn ọmọ sì palẹ̀ yàrá mọ́, inú pàǹtírí ni ìgò irúgbìn rẹ̀ ń lọ.

Ibi tí wọ́n ti rí i gbà sílẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ilé ìpamọ́ kan ní Griffin, Georgia, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù lágbàáyé, Ìbàdàn ló wà, ní IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ ọ̀gbìn, irú tó wà níbẹ̀ lé ní 15,000. Àmọ́ ẹ̀wà inú fìríísà kò mọ oúnjẹ tí wọ́n fi ń sè. Ní erékùṣù Sapelo, létí òkun Georgia, àwọn ọmọ Geechee, tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ kan tí wọn ò jẹ́ kó parun. Cornelia Walker Bailey, òpìtàn erékùṣù náà tó di olóògbé ní 2017, ló dìde sọ́rọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n gbìn ín tà, kí owó rẹ̀ lè ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ láti di ilẹ̀ wọn mú. Èmi gbà pé ọ̀nà méjèèjì yẹ, ṣùgbọ́n ti Sapelo ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí oko, ìkòkò àti ilẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀ pọ̀.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ó kórìíra òtútù, nítorí náà, ẹ dúró kí ilẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 18 Celsius ó kéré tán. Ní Georgia, oṣù Karùn-ún ni mo máa ń gbìn, nígbà tí mo bá lè fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú ebè láàárọ̀ kí ara mi má sì bù rìrì. Ẹ má gbìn ín jìn, bí íǹṣì kan ni, kí hóró kan jìnnà sí ìkejì tó íǹṣì mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta wà láàárín ìlà méjì. Irú tó ń fà fẹ́ ààyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ látijọ́ máa ń gbìn ín sí ẹsẹ̀ àgbàdo kó lè gùn ún, bí àwọn bàbá wa náà ṣe ń ṣe é nílé.

Ẹ má da ajílẹ̀ lé e lórí. Àṣìṣe tí mo rí tó pọ̀ jù lọ nìyẹn. Bakitéríà kan ń gbé lára gbòǹgbò ẹ̀wà, ó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ẹ̀wà sì ń fún un ní oúnjẹ padà. Tí ẹ bá da ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn síbẹ̀, ewé á bò mọ́lẹ̀ bí igbó, ẹ̀wà ò ní tó dín àkàrà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bakitéríà náà ń ṣiṣẹ́, ẹ fọgbọ́n hú ẹ̀wà kan bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ óo rí kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: tí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran ẹja tútù, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, iṣẹ́ kò lọ níbẹ̀.

Ní ti olóyin, mo ti gbìn ín rí. Mo ra kóńgò kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbìn ín lóṣù Kẹfà, ó hù, ó fà, ó gun ọgbà onírin, ó fẹ́ bo fèrèsé ilé ìdáná. Òdòdó kan ò yọ. Mo ń bomi, mo ń wò ó. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ló yọ òdòdó, èèpo rẹ̀ ṣì rọ̀ nígbà tí òtútù dé pa á. Ẹ̀wà kì í ka oṣù, gígùn òru ló ń kà. Ọ̀pọ̀ irú tó ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ayébáyé ń dúró kí ojúmọ́ kúrú kó tó yọ òdòdó, kí ó lè gbó nígbà tí òjò bá ń parí. Nílé, ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjìlá lọ. Ní Georgia lóṣù Kẹfà, ó lé ní mẹ́rìnlá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lé ní mẹ́rìndínlógún, òtútù ibẹ̀ tún wá pẹ̀lú rẹ̀. Irú tó ti pẹ́ ní gúúsù Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn ti gbàgbé òfin yẹn, torí èyí tó bá yára gbó nìkan ni irúgbìn rẹ̀ ń rí ọdún kejì. Ìdí tí mo fi ń gbin tiwọn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rò láti di irúgbìn sínú báàgì láti ilé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òfin Amẹ́ríkà fẹ́ ìwé àṣẹ lórí irúgbìn tí a fẹ́ gbìn, àrùn àti kòkòrò sì ń bá irúgbìn wọlé.

Ibi tó rújú jù lọ wá kù, òun ni bí ẹ̀wà ṣe ń gba àdàlù. Ẹ jí lọ́wọ́ ìdájí lọ́jọ́ kan lóṣù Keje kí ẹ dúró ti òdòdó ẹ̀wà. Á là nígbà tí oòrùn bá ń yọ, funfun tàbí elésè àlùkò fífẹ́lẹ́, nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ó ti káwọ́ pọ̀, kì í tún là mọ́. Kó tó là rárá ló ti sábà máa ń fún ara rẹ̀ lóyún. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi ń jọ ìyá rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n oyin ńlá onírun máa ń fi agbára ya òdòdó náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí ẹ̀wà kan dórí òmíràn. Kì í pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ìwọ̀nba yẹn tó láti ba irú kan jẹ́ láàárín ọdún mélòó kan.

Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa, torí òun ló ń tan àwọn èèyàn. Tí oyin bá gbé lẹ́búlẹ́bú Whippoorwill wá sórí Lady, hóró Lady tí ẹ óo ká lọ́dún náà yóò ṣì funfun bí èyíkéyìí. Ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ìdí ni pé awọ ara hóró, ara ìyá ni, kì í ṣe ara ọmọ. Bí aṣọ tí ìyá fi pọn ọmọ ni. Ọdún kejì, tí ẹ bá gbin hóró yẹn, tó dàgbà, tó sì so, ìgbà náà ni hóró abàlà máa yọjú nínú èèpo rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀wà òun yí padà lójijì. Ọdún tó kọjá ló ti yí. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀ nínú ìkórè yín, kì í ṣe hóró abàlà yẹn nìkan lẹ óo ṣà sọnù. Gbogbo ohun tó wá láti orí ẹsẹ̀ ẹ̀wà yẹn ni kó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀, kó má dé inú ìgò irúgbìn. Èmi máa ń ká ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àpò bébà tirẹ̀ nítorí èyí.

Láti dènà á, ẹ gbin irú kan ṣoṣo lọ́dún kan tí ọgbà yín bá kéré. Tí ẹ bá fẹ́ gbin méjì, ẹ fi ààyè tó 20 ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán sí àárín wọn, kó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí oyin pọ̀ sí, kí ẹ sì gbin nǹkan mìíràn tó ní òdòdó sáàárín. Ohun tí mo ń ṣe fún tìyá ọlọ́jà ni pé mo ń fi àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú tó wà lórí ìyàwó, bo bí ogún ẹsẹ̀ ẹ̀wà kí wọ́n tó yọ òdòdó. Wọn ò nílò oyin, wọ́n á so nínú rẹ̀.

Èèrà yóò wà lára rẹ̀, ẹ má pa wọ́n. Ẹ̀wà ń sun omi dídùn nídìí ewé àti igi òdòdó, èèrà àti agbọ́n ń wá lá a, wọ́n sì ń lé kòkòrò mìíràn. Ọ̀tá gidi ní Georgia ni kòkòrò dúdú kan, curculio, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́. Ó ń lu èèpo tútù, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ á jẹ hóró tán, á wá bọ́ sílẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Ẹ tètè ká èyí tó ti bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ nù síta ọgbà, ẹ má sì gbin ẹ̀wà sí ojú kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Èyí tí ẹ fẹ́ jẹ ní tútù, ẹ ká a nígbà tí èèpo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àwọ̀, tí hóró sì ti kún. Èyí tí ẹ fẹ́ gbìn, ẹ fi sílẹ̀ títí á fi gbẹ tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí ẹ bá mì ín. Ẹ mú un lórí ẹsẹ̀ púpọ̀, ogún ó kéré tán, kó má jẹ́ orí ẹyọ kan tó dára jù, torí gbogbo wọn ló jọ ń gbé àbùdá irú náà. Ẹ sá a síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gé ọ̀kan jẹ: tí eyín bá ṣì wọlé, kò tíì gbẹ. Ìgbà tó bá gbẹ ni kí ẹ dà á sínú ìgò tó dé dáadáa, kí ẹ gbé e sínú fìríísà fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ẹyin kòkòrò ẹ̀wà ti lè wà lára rẹ̀ láti oko. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí i títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣí i ní tútù, ìrì á sẹ̀ sára hóró, gbogbo gbígbẹ tí ẹ ti gbẹ ẹ di òfo.

Kí ìgò náà tó wọ inú fìríísà, ẹ kọ nǹkan sí i lára: orúkọ irú náà bí ẹni tó fún yín ṣe pè é, ìlú tó ti wá, ọdún tí ẹ ká a, àti iye ẹsẹ̀ tí ẹ ká a lórí rẹ̀. Tèmi kò ní orúkọ tí ilé ìrúgbìn kankan mọ̀. Mo padà lọ bá ìyá náà lọ́dún kejì láti béèrè. Wọ́n ní "ẹ̀wà Ìyá Àgbà" ni àwọn máa ń pè é nílé, pé kò ní òmíràn. Ohun tí mo kọ sára ìgò nìyẹn.